Ìtìjú Tí Bàbá Dírẹ́bà Bá Mi Gbé

Lọ́jọ́ tí a ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ fún bàbá tó bí bàbá mi, ààfáà ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ dìde, kó sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Èmi ni mo gbé ọ̀dọ̀ wọn pẹ́ jù, èmi sì ni olùkọ́ tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu jẹun ní iléèwé aládàáni kan ní Kétu. Mo dìde, mo di etí ìborùn mi mú, mo ní, "Èèyàn dáadáa ni wọ́n," mo sì jókòó padà. Àwọn èèyàn rò pé ẹkún ló dí mi lọ́fun. Àbúrò bàbá mi tilẹ̀ na omi sí mi. Kì í ṣe ẹkún rárá. Ojú ló ń tì mí. Ohun tí mi ò lè sọ lábẹ́ àtíbàbà lọ́jọ́ náà ni mo jókòó tì báyìí.

Lámídì lorúkọ wọn, ọmọ Ṣakí ni wọ́n, ṣùgbọ́n Bàbá Dírẹ́bà ni gbogbo àdúgbò wa ní Ìkòsì ń pè wọ́n. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí wọ́n fi wa lọ́rì láti Òkè Ọya wá sí Mile 12: tòmátì, ata, àlùbọ́sà, tí iléyá bá sì ti ń sún mọ́, ewúrẹ́ àti àgùntàn. Bí ẹnikẹ́ni bá kí wọn ní "Àlàájì" lójú ọ̀nà, wọ́n á dúró, wọ́n á sì tún un ṣe fún onítọ̀hún. "Mi ò tíì dé Mẹ́kà o. Ibi tí mo dé ni Kánò, Ṣókótó, Jọ́ọ̀sì àti Oníṣà. Dírẹ́bà ni kó o pè mí."

Iṣẹ́ yẹn kò kúrò lẹ́sẹ̀ wọn títí wọ́n fi kú. Wọn kì í lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń wakọ̀ kí wọ́n má bá a tẹ bíréèkì. Àbúrò bàbá mi, Uncle Mùrí tó ń gbé ní Mágòdò, máa ń wá fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ kí ẹbí. Gbàrà tí mọ́tò bá ti gbéra ni ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ilẹ̀ mọ́tò. Tí ọ̀kadà bá já wọ iwájú wa, Bàbá á fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, wọ́n á di ìjókòó mú, wọ́n á mí kanlẹ̀. Uncle Mùrí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá, kò sí bíréèkì lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ yẹn o." Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá gbá èèyàn, ṣé àwa tí kò sí bíréèkì lọ́dọ̀ wa ò sí nínú ọkọ̀ ọ̀hún ni?"

Fésì-mí-n-fésì-ẹ ni ilé tí à ń gbé, yàrá méjìlá, mẹ́fà dojú kọ mẹ́fà. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, ojú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ni Bàbá á dúró sí, tí wọ́n á kí onílé. Wọ́n á kí Sánúsí, ọmọ Kàtsínà tó ń ti bárò lọ́jà Mile 12, ní èdè Hausa. Wọ́n á kí Mama Chidera, opó tó ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì lẹ́nu ọ̀nà, ní èdè Ìgbò tí wọ́n kó jọ ní gárèjì Oníṣà, tó sì wọ́ bí ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ jò. Mama Chidera kì í fi Ìgbò dá wọn lóhùn. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá mi, ṣé ara le bí òkúta?" ni wọ́n máa ń wí. Muṣin ni wọ́n bí Mama Chidera sí. Yorùbá ẹnu wọn já gaara ju tèmi lọ. Tí òwe kan bá ta kókó sí mi lẹ́nu ní kíláàsì, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń lọ.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé ọ̀dọ̀ Bàbá, ìkíni yẹn máa ń sú mi, nítorí tí wọ́n bá ń ṣe é, tíì wọn á tutù, màá tún un gbé kaná. Mo bi wọ́n léèrè pé ṣé dandan ni. Wọ́n ní, "Ìyá mi, ẹni tó ò kí láàárọ̀, kí lo fẹ́ fi pè é nígbà tí ilé bá ń jó?" Rìsíkátù lorúkọ mi, Rìsí ni gbogbo ayé ń pè mí, ṣùgbọ́n "ìyá mi" ni Bàbá ń pè mí, torí wọ́n ní ìrìn ìyá àwọn ni mò ń rìn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé màlékà ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Olórí kunkun ni Bàbá. Wọ́n fẹ́ràn ẹgbẹ́ òṣèlú wọn bí ẹni fẹ́ ìyàwó. Wọn kò pa ìdìbò kankan jẹ rí. Wọ́n ti pààrọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò nítorí ìdìbò, wọ́n ti fi ibà tó ń mú wọn dúró sórí ìlà. Ẹgbẹ́ kejì ni Uncle Mùrí ń ṣe. Lọ́dún kan, ó gbé àpò ìrẹsì wá fún wa lásìkò àwẹ̀, àwòrán olóṣèlú ẹgbẹ́ tirẹ̀ sì wà lára àpò náà, ó ń rẹ́rìn-ín fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Bàbá ní ká da ìrẹsì náà sínú garawa, ká gbé àpò kúrò níwájú àwọn. Mo ní, "Bàbá, ìrẹsì ọmọ yín náà kọ́ ni?" Wọ́n ní, "Ìrẹsì ọmọ mi ni, màá jẹ ẹ́. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí mi lára àpò yẹn ni mi ò mọ ohun tí mo bá a pín."

Rédíò náà sì jẹ́ ọ̀tá wọn tí wọn kò lè fi sílẹ̀. Wọ́n á tan ètò àárọ̀, wọ́n á gbọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n á yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ kí wọ́n lè ráyè bá a jà. Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń bí wọn nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ: tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ sí orílẹ̀-èdè, omíyalé, àìsàn, ọ̀wọ́n epo, ẹnì kan á sọ lórí rédíò pé ìṣòro yìí á sọ wá di ọ̀kan. Bàbá á ní, "Kí ló dé tó jẹ́ ìṣòro ni wọ́n máa ń rán níṣẹ́ tó yẹ kí àwọn fúnra wọn jẹ́?"

Èmi gba rédíò gbọ́ ní tèmi. Nígbà tí àrùn tó gba gbogbo ayé dé, tí ìjọba pàṣẹ kónílé-ó-gbélé, mo rí i lójú ara mi. Ọjà dá, iṣẹ́ dá, iléèwé wa ò sanwó mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ilé wa ti di ilé ìdáná kan. Ẹni tó ní gàárì gbé gàárì jáde, ẹni tó ní ẹ̀wà gbé ẹ̀wà. Sánúsí kó àlùbọ́sà wá. Mama Chidera ń fún àwọn ọmọdé ní oògùn ibà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìkòkò kan ṣoṣo là ń gbé kaná láàárín ilé, ẹni tó kọ́kọ́ jí á dá iná. Mo ya àwòrán ìkòkò náà pẹ̀lú gbogbo wa yí i ká, mo gbé e sórí fóònù mi kí gbogbo ẹni tó mọ̀ mí lè rí i, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àrùn yìí ti sọ Nàìjíríà di ọ̀kan. A ò ní padà sí bí a ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́." Mo kà á fún Bàbá pẹ̀lú ìgbéraga. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

"Ìyá mi," wọ́n ní, "mo ti kó ewúrẹ́ àti àgùntàn pọ̀ sínú lọ́rì kan. Tí òjò bá ń na wọ́n lọ́nà, wọ́n á fún mọ́ra, o ò ní mọ èwo ni èwo. Tí a bá dé Mile 12, tí òjò dá, tí a ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kan ara wọn."

Mo ní, "Bàbá, èèyàn kì í ṣe ẹran."

Wọ́n nu ojú wọn, wọ́n ní, "Ohun tó yẹ ká fi hàn nìyẹn. Òjò ò lè bá wa fi í hàn."

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí ni Bàbá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí èémí wọn ń há. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ẹnu wọn là sílẹ̀, èjìká wọn ń lọ sókè sódò. Àrùn yẹn ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Mo bọ́ sẹ́yìn. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbòmú mi, mo ń pe "Bàbá! Bàbá!" bí ẹni ń pe èèyàn tó wà ní òdìkejì odò. Ẹsẹ̀ mi ò wọlé. Àwọn ará ilé yọjú, wọ́n padà sínú yàrá wọn. Mama Chidera ló gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Wọ́n fi gèlè di imú, wọ́n wọlé, wọ́n gbé apá Bàbá kọ́ ọrùn ara wọn. "Rìsí, wá bá mi di ẹsẹ̀ wọn mú!" Mi ò mira. Wọ́n tún un wí, wọ́n wo ojú mi, wọn ò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n pe Sánúsí. Sánúsí gbé bárò rẹ̀ wọ àárín ilé, wọ́n tẹ́ tìmùtìmù sínú rẹ̀, wọ́n gbé Bàbá lé e.

Kò sí ọkọ̀ kankan lójú títì. Sánúsí ń tì, Mama Chidera di orí Bàbá mú kó má máa gbá irin, èmi ń tẹ̀ lé wọn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Ọlọ́pàá dá wọn dúró ní oríta, wọ́n bèèrè pé ibo ni wọ́n ń lọ nígbà tí ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má jáde. Mama Chidera ní, "Oga, na my papa be this. If una wan arrest am, arrest am go hospital." Ọlọ́pàá yà fún wọn.

Kì í ṣe àrùn yẹn rárá. Dókítà ní eruku àti èéfín ọ̀nà jíjìn láti ọdún pípẹ́ ló ń bá ẹ̀dọ̀fóró wọn jà. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n dá wọn sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún wọn nílé, mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Ẹ̀rù ló bà ọ́, ìyá mi. Ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí èèyàn bá ṣe nígbà tí ẹ̀rù ò bà á ni kó ṣọ́."

Mi ò rántí láti kúnlẹ̀ fún Mama Chidera. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lójú ọ̀nà bí ẹni dúpẹ́ ààbọ̀ ife omi. Nígbà tí ìjọba ṣí ọ̀nà, kálukú gbé sítóòfù rẹ̀ wọlé. Kó tó pé oṣù méjì, ìjà lórí ẹni tó yẹ kó fọ ilé ìwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ilé.

Ìdìbò dé lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ọ̀wọ́n owó bébà ló ṣáájú rẹ̀. Gbogbo wa jọ sùn sí ojú ilé ìfowópamọ́, a jọ pín omi mu lórí ìlà, a jọ bú ìjọba. Mo tún rò ó lọ́kàn mi pé ìyà ti so wá pọ̀. Ṣùgbọ́n ìdìbò àkọ́kọ́, ti ààrẹ, parí, èsì rẹ̀ sì dun àwọn kan. Bí a ṣe ń dúró de ìkejì, ti gómìnà, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kiri lórí fóònù pé àwọn àjèjì fẹ́ gba Èkó lọ́wọ́ wa. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ń gbé ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún mi ní yàrá ìsinmi. Mo ń gbọ́ ọ, èmi náà ń fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Mi ò ní purọ́ pé wọ́n tàn mí. Ó dùn mọ́ mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́, èmi tí mi ò ní nǹkan kan ní Èkó yìí ju yàrá kan lọ, mo rò ó pé mo ní ìlú.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, Bàbá wọ aṣọ funfun wọn. Mo di apá wọn mú dé ibùdó ìdìbò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri iléèwé kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Wọ́n ní kí àwọn àgbàlagbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì nítòsí, wọ́n á pè wọ́n tó bá kàn wọ́n. Mo tò sórí ìlà. Mama Chidera wà níwájú mi, èèyàn bí i mẹ́rin ló wà láàárín wa. Wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi.

Àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan dé pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìdìbò. Wọ́n ń rìn láti orí ìlà dé ìdí rẹ̀, wọ́n ń kí kálukú ní Yorùbá, wọ́n sì ń tẹ́tí sí bó ṣe ń dáhùn. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ bá yọ̀, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Ọkùnrin méjì àti obìnrin kan ti lọ. Òṣìṣẹ́ ìdìbò ń wo ìwé iwájú rẹ̀. Ọlọ́pàá jókòó sábẹ́ òjìji mọ́tò wọn.

Ẹni tó ṣáájú wọn, tó dé fìlà pupa, dé ọ̀dọ̀ Mama Chidera. "Mọ́mì, kí lẹ̀ ń pe òkúta tí wọ́n fi ń lọ ata?"

"Ọlọ," Mama Chidera dáhùn. "Ọmọ ọlọ ló wà lórí rẹ̀. Ṣé ìyá ẹ ò ní in nílé ni, kí n yá a?"

Ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà pàápàá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì wa ni yín jàre," ó sì ti ń bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ni mo sọ ọ́. "Ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ ọkọ wọn."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò pariwo. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òòrùn ti ń mú. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ẹ̀rù kankan ò bà mí.

Ọkùnrin náà padà sẹ́yìn. "Kí lorúkọ ọkọ yín?"

Mama Chidera lè purọ́. Orúkọ Yorùbá pọ̀ lẹ́nu wọn bí iyanrìn. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ní, "Okechukwu. Ó ti kú. Ṣé ẹ fẹ́ lọ bi í ní sàréè ni?"

Ọkùnrin náà já káàdì ìdìbò gbà lọ́wọ́ wọn, ó sọ ọ́ sínú erùpẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ dìbò ní ìlú ọkọ wọn. Àwa tí a rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wa ń wo ilẹ̀.

Bàbá dìde lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n rìn wá díẹ̀díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lórúnkún, wọ́n ṣa káàdì náà, wọ́n fi aṣọ funfun wọn nù ún. Wọ́n ní, "Obìnrin yìí dé síbí ṣáájú mi. Tí kò bá dìbò, èmi náà ò dì."

Ọkùnrin onífìlà pupa tẹ̀ ba díẹ̀, torí ẹni ọ̀wọ̀ ni wọ́n jẹ́ ládùúgbò. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ bọ́ síwájú, ẹ lọ dì í, tiwa ni yín."

Bàbá wò ó. "Àwa wo?"

Ọkùnrin náà fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀.

"Mò ń bi ọ́ ni. Àwa wo? Ẹni tó gbé mi nígbà tí mò ń kú lọ, òun ni àwa tèmi. Ìwọ, mi ò rí ọ rí."

Wọ́n di ọwọ́ Mama Chidera mú, wọ́n sì bọ́ sójú títì. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí àwọn ọkùnrin yẹn ń ṣiṣẹ́ fún gan-an ni ẹgbẹ́ Bàbá. Ẹni tí wọ́n ti ń dúró láti oṣù mélòó kan kí wọ́n lè dìbò fún ni wọ́n fi ìbò wọn dù. Kí wọ́n tó kọ ẹ̀yìn, wọ́n wò mí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ti gbọ́ mi. Ojú yẹn kò ní ìbínú nínú. Ì bá sàn kó ní in.

Èmi ńkọ́? Mo dúró sórí ìlà. Mo dìbò.

Mo délé, mo gbé oúnjẹ fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní, "O ṣé, Rìsí." Láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi kú, wọn kò pè mí ní ìyá mi mọ́. Wọn kò bá mi jà. Wọn kò sọ ọ́ fún bàbá mi, wọn kò sọ ọ́ fún Uncle Mùrí, ẹni tí ì bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ayé. Nígbà tí ará ilé bá ń sọ ìtàn bí Bàbá Dírẹ́bà ṣe kọ̀ láti dìbò, tí wọ́n ń bèèrè pé ta ni ẹni burúkú tó tú àṣírí Mama Chidera, Bàbá á ní, "Ẹnu pọ̀ níbẹ̀," èmi náà á sì máa mi orí.

Kó tó pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìdìbò ni Mama Chidera kó lọ sí Ìṣẹrì Olówóra. Wọ́n ní àwọn rí ṣọ́ọ̀bù tó dára síi. Mo dúró sí iléèwé títí di ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù, mo tún ń fi bírò pupa máàkì ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ tí mo ti máàkì tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni owó epo bẹntiróòlù fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn láti Ọ̀jọ́ta dé Mile 12 pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Láàárín ilé wa, ará ilé tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sojú kan ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń pín ẹ̀wà, wọ́n ń kẹ́dùn. Mo rò pé àyè ti ṣí sílẹ̀ fún mi. Mo jókòó ti Bàbá, mo ní, "Bàbá, bóyá ìyà eléyìí á wá so wá pọ̀. Ebi ò mọ Yorùbá, kò mọ Ìgbò."

Wọ́n ń wo ilẹ̀kùn yàrá tí Mama Chidera kó kúrò, tí ẹlòmíì ò tíì gbà. Wọ́n ní, "Ebi ò mọ̀ ọ́n, Rìsí. Àwa la mọ̀ ọ́n."

Mo mọ̀ pé ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ ọ́. Mo dìde, mo lọ ṣa abọ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀ wọ́n sínú orí mi ní ìgbà tí mi ò lè kà, mo sì máa ń ní ó di ọ̀la. Wọ́n kírun alásàrí lọ́jọ́ kan, wọ́n jókòó sórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo pè wọ́n wá jẹun, wọn ò dáhùn. A sin wọ́n lọ́jọ́ kejì. Ọ̀la mi ti tán.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, mo gba nọ́ńbà ilé lọ́wọ́ Sánúsí, mo wọkọ̀ lọ sí Ìṣẹrì Olówóra. Mama Chidera jókòó sẹ́yìn gíláàsì oògùn wọn. Irun wọn ti ń funfun. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo sọ fún wọn pé Bàbá ti lọ. Wọ́n bo ojú, wọ́n sunkún tó pẹ́. Mi ò dìde. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, mo ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n bi yín léèrè orúkọ ọkọ yín."

"Mo mọ̀."

"Ṣé Bàbá ló sọ fún yín?"

"Etí mi ló sọ fún mi. Ohùn tó ń kí mi láràárọ̀, ṣé mi ò ní dá a mọ̀ ni?" Wọ́n fi etí aṣọ nu imú. "Nígbà tí a kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Bàbá tẹ̀ lé mi dé ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé àga fún wọn. Wọn ò jókòó. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ níwájú mi. Bàbá tó tó bí mi! Mo figbe ta, mo ní, 'Ẹ dìde, ẹ fẹ́ kí n kú ni?' Wọ́n ní àwọn ò ní dìde àfi tí mo bá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn. Wọ́n ní, 'Inú ilé mi ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde.'"

Mi ò lè gbé orí sókè.

"Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n pè ọ́, kí o wá fẹnu ara rẹ bẹ̀ mí. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní tí àwọn bá fà ọ́ wá, ẹsẹ̀ rẹ nìkan lá wá. Wọ́n ní o máa wá fúnra rẹ. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wọkọ̀ wá kí mi níbí, tí a bá ti sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n á bi mí, 'Ṣé ó ti wá?' Màá ní, 'Rárá, Bàbá.' Wọ́n á ní, 'Á wá.' Oṣù tó kọjá náà ni wọ́n bi mí gbẹ̀yìn."

Mo dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, mo ń sọ pé kí wọ́n jọ̀ọ́. Mi ò mọ ẹni tí mò ń bẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Obìnrin kan dé sẹ́yìn mi pẹ̀lú ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lẹ́yìn, ó ń wá ibi tí yóò gbà wọlé. Mama Chidera na ọwọ́, wọ́n di èjìká mi mú.

"Dìde."

Mo wo ojú wọn, mo ń dúpẹ́. Wọ́n mi orí.

"Mi ò tíì sọ pé mo dárí jì ọ́. Dìde ni mo ní kó o dìde, ọmọ yìí fẹ́ kọjá."